Omi Ọrọ́ Tíṣà Láoyè

Dókítà ti sọ fún Tíṣà Láoyè pé bí kò bá lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́, àfàìmọ̀ kí àrùn rọpárọsẹ̀ má gbé e dálẹ̀. Tíṣà kọ̀ jálẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ Ifẹ̀ ní kẹ́mísìrì kó tó fẹ̀yìn tì. Ta wá ni dókítà ọmọ àná tí yóò máa kọ́ ọ ní ohun tó wà nínú oògùn?

"Inú ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún ẹ̀yìnkùlé wa yìí ni èròjà fláfónọ́ìdì wà," ló wí fún Fàòsíyà, ìyàwó rẹ̀. "Òun ló ń tú iṣan ẹ̀jẹ̀. Mo kà á lórí fóònù."

Fàòsíyà bẹ̀ ẹ́ títí, ó sunkún. "Bàbá Hàlímàt, ẹ ṣàánú mi. Ẹ má sọ mí di opó."

Tíṣà kọ etí ikún sí i.

Nígbà tó yá, ẹkún náà dáwọ́ dúró. Fàòsíyà ní kó jẹ́ kí òun máa lọ ọrọ́ náà, kí ẹ̀gún má baà gún un lọ́wọ́. Inú Tíṣà dùn: obìnrin ti gba sáyẹ́ǹsì gbọ́. Àràárọ̀ ló ń gbé kọ́ọ̀bù omi ọrọ́ wá, á sì dúró tì í títí yóò fi mu ún gbẹ.

Láàárín oṣù méjì, ẹ̀jẹ̀ ríru náà wálẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ ń lo oògùn yín," ni dókítà wí. Tíṣà rẹ́rìn-ín débi tó fi wúkọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló tún ga: ọ̀sẹ̀ tí Fàòsíyà lọ síbi ìkómọ ní Ìkirè, tí Tíṣà fọwọ́ ara rẹ̀ lọ ọrọ́. Ó ronú sí i bí onímọ̀, ó sì rí i pé ọwọ́ obìnrin nìkan ló ń fa fláfónọ́ìdì jáde.

Oyèkúnlé àti Alhaji Abdulsalam, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ tiwọn náà ń ru, tí wọn ò sì fẹ́ fojú kan oògùn, wá gba ọrọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ yín lọ̀ ọ́ o!" ni Tíṣà kìlọ̀. "Ẹ ní kí àwọn ìyàwó yín wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ Fàòsíyà."

Kò pẹ́, ẹ̀jẹ̀ tiwọn náà wálẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Tíṣà wọ agbádá, ó gba Sábó lọ, kó lè gba obìnrin tó ń ta oògùn níbẹ̀ nímọ̀ràn pé kó tètè wá òwò mìíràn ṣe, nítorí ọjà rẹ̀ ò ní í tà mọ́.

Ó bá èrò lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ obìnrin náà: Fàòsíyà ló wà níwájú, ìyàwó Oyèkúnlé àti ìyàwó Alhaji tò tẹ̀lé e, páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti tán wà lọ́wọ́ kálukú, Fàòsíyà sì ń sọ fún wọn pé, "Ẹ lọ oògùn náà kúnná dáadáa kí ẹ tó dà á mọ́ omi ọrọ́ o, torí àwọn ọkùnrin tó gbọ́n ju dókítà lọ máa ń wo ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀bù."