Ọjọ́ Tí Ìpẹtà Bá Lu Ọkọ̀ Gédéon

Gédéon Lachapelle fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ̀ débi pé àwọn ará ìlú Roberval máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní bí ilé rẹ̀ bá ń jó, ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé jáde kó tó rántí ìyàwó. Fleurette ìyàwó rẹ̀ a sì bá wọn rẹ́rìn-ín, títí di ọjọ́ Sunday kan nígbà ìwọ́wé.

Ọ̀dọ̀ Aurore, àbúrò Fleurette, ní Alma ni wọ́n ti ń bọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ń sọdá títì, ó gbé mítì-páì dání. Gédéon ò dẹwọ́ eré. Ìgbà tí Fleurette figbe ta ló tó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró, páì fò, olórí akọrin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ta ló ní kó wọ ẹ̀wù dúdú?" Gédéon bèèrè.

"Ẹ̀wù pupa ló wọ̀, Gédéon."

Nígbà tí wọ́n délé, Fleurette ò lè mú un mọ́ra. "Arúgbó tèmi, fi ọkọ̀ yìí sílẹ̀ kó o tó pààyàn."

Gédéon na ọwọ́ sókè bí ẹni tó wà ní kóòtù. "Ọjọ́ tí ìpẹtà bá lu ọkọ̀ yìí ni mo máa fi kọ́kọ́rọ́ lé ọ lọ́wọ́. Mo búra. Kó tó dìgbà yẹn, má sọ ọ́ sí mi létí mọ́."

Ó dà bí ẹni tó ní òun ò ní kú láéláé. Iyọ̀ tí wọ́n máa ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́ a máa jẹ abẹ́ ọkọ̀ bí ikán ṣe ń jẹ igi, ṣùgbọ́n kò jẹ ti Gédéon rí. Ọdọọdún ló ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, tí á fi páǹpù fọ́n epo sí gbogbo kọ̀rọ̀.

Fleurette ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Ọkọ òun kì í yẹ ìbúra. Ó kù kí ẹnì kan ran ìbúra náà lọ́wọ́.

Ó bu iyọ̀ oníhóró tí wọ́n ń dà sí àtẹ̀gùn ilé, ó pò ó mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nínú korobá. Bí Gédéon bá ti sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, á yọ́ lọ sí gáréèjì, á da omi náà sábẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ àti sẹ́yìn taya. "Olúwa, dárí jì mí," ló máa ń sọ. "Àmọ́ jẹ́ kó tètè jẹ ẹ́."

Lọ́jọ́ kan, Gédéon ká a mọ́bẹ̀.

"Kí lò ń dà síbẹ̀, arúgbó mi?"

"Omi lásán ni. Mo ní kí n bá ọ ṣan iyọ̀ títì kúrò."

Gédéon wo korobá, ó wo ìyàwó. Fleurette ti ń wá irọ́ kejì sílẹ̀.

"O káre," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Dà á dáadáa. Jẹ́ kó wọ gbogbo kọ̀rọ̀."

Ojú ti Fleurette dé ọkàn, ṣùgbọ́n ó dà á dáadáa.

Ìgbà òtútù yẹn kọjá, ọkọ̀ ń dán gbinrin. Nígbà tí òtútù mìíràn wọlé, Gédéon tún fi kún aápọn. Á ti ara rẹ̀ mọ́ gáréèjì pẹ̀lú páǹpù rẹ̀, ó ní òórùn epo ò dáa fún àyà Fleurette. Fleurette á fetí sí ilẹ̀kùn, á gbọ́ páǹpù tó ń ṣe ṣìì-ṣìì. Ọkọ rẹ̀ á jáde bí ẹni tó ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, láìsí àbààwọ́n lára aṣọ. Yìnyín ibi tó ń gbé ọkọ̀ sí níta ò sì ní ẹ̀kán epo kan. Àyà Fleurette já. Báwo ni omi òun ṣe máa borí epo ẹni tó fara balẹ̀ tó báyìí?

Gédéon tiẹ̀ gbé ààrò irin wọ gáréèjì, kí òtútù má bàa mú ọkọ̀. Clovis mẹkáníìkì gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ sọ fún Bàbá pé kí wọ́n pa iná yẹn. Inú ooru ni iyọ̀ ti ń jẹ irin jù."

Fleurette ní òun á sọ fún un. Nígbà tó délé, ó fi igi kún iná.

Ọjọ́ Sunday ló ń dùn ún jù. Bí wọ́n bá ń lọ sí Alma, Gédéon á ní, "Ka pátákó yẹn fún mi, ohùn rẹ dùn létí mi." Fleurette á kà á, á máa rántí korobá, omi á sì lé ró lójú rẹ̀.

Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, wọ́n gbé ọkọ̀ lọ fún Clovis kó bá wọn pààrọ̀ taya òtútù tí wọ́n fi ń rin orí yìnyín. Clovis gbé e sókè, ó fi súkúrúdíráfà kan abẹ́ rẹ̀. Súkúrúdíráfà wọlé dé èèkù. Ìpẹtà ya lulẹ̀ bí èèpo àlùbọ́sà.

"Bàbá, ó ti parí. Bẹ́ ẹ bá wà á jáde níbí, ẹsẹ̀ yín ló máa máa sáré lójú títì."

Gédéon bọ́ fìlà bí ẹni tó dúró létí sàréè. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Mo ti búra," ló wí.

Ẹkún gidi gbọ̀n Fleurette. "Má banú jẹ́, ọkọ mi. Bọ́ọ̀sì wà. Aurore náà lè máa wá sọ́dọ̀ wa."

Ó jáde lọ nu ojú. Níbi tó dúró sí létí òkìtì yìnyín, ó rí i pé òun ò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọ sàréè. Òun á jẹ́wọ́, ohun tó bá gbà kó gbà á. Ó padà, ó gbọ́wọ́ lé ilẹ̀kùn.

"Clovis, o ò gbọdọ̀ jẹ́ kó ta sí ìyàwó mi létí," Gédéon ń sọ nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rín sì fẹ́ pa á, "àmọ́ kí n tó búra rárá ni mo ti da epo inú páǹpù yẹn nù, tí mo ń fọ́n omi iyọ̀ sábẹ́ ọkọ̀, torí ojú mi ò rí títì mọ́, mi ò sì mọ ẹnu tí mo máa fi sọ ọ́ fún un."