Ìrọ̀lẹ́ Ni Bàbá Ìdòwú Yàn Ní Jíìmù

Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ síbì kankan. Ẹ kọ́kọ́ fara balẹ̀ kà á dé ìparí.

Tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ́ nìkan ló ń lọ sí jíìmù Kẹ́hìndé ní Siluko Road, nílẹ̀ Edo. Àgbàlagbà tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló wá pè. Nígbà tí àwọn dókítà ń pariwo ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi gba gbogbo òwúrọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wá kó lọ sí ìrọ̀lẹ́.

Orúnkún tó ń dùn ún ló gbé Bàbá Ìdòwú, alága ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá àdúgbò náà, débẹ̀. Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọbìnrin tó jẹ́ àkọ́bí rẹ̀, ń múra ìgbéyàwó, ó sì wu bàbá láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú un wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Dókítà ní tó bá rọra ń ṣe eré ìdárayá, á ṣeé ṣe.

Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ kò dùn mọ́ bàbá nínú. Àwọn ojúgbà rẹ̀ ló kún ibẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Àbúdù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta páànù ní Aduwawa, tilẹ̀ máa ń ní kó gbé irin sílẹ̀, pé egungun rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Bàbá bínú, ó sọ ọ́ di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ wá wo ọlá. Àwọn ọmọ Yorùbá á gbé irin sílẹ̀, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ nínú òógùn. Àwọn ọmọ Edo á ní, "Daddy, well done." Bàbá á gbé irin tó wúwo sí i, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Gbogbo wọn ló rí i pé orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ọmọ ta ni yóò sọ fún àgbà pé agbára rẹ̀ kò gbé e?

Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ kan, orúnkún yẹ̀. Bàbá bi Mofẹ́olúwa, olùkọ́ ìrọ̀lẹ́, ìdí tí kò fi kìlọ̀ fún òun.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹnu mi ò gbà á."

Orí kẹ̀kẹ́ arọ ni bàbá wà lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Moyọ̀sọ́rẹ fúnra rẹ̀ ló tì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì, nínú aṣọ funfun. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ sí i létí: "Daddy, today na me dey carry you go." Omi bọ́ lójú bàbá. Ìgbà náà ni ohùn Àbúdù dún láti ẹ̀yìn: "Ìdòwú, èwo nínú yín ni ìyàwó?" Ẹ̀rín gba ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá náà rín in.

Òwúrọ̀ ló ń lọ báyìí. Tí Àbúdù bá ní kó gbé irin sílẹ̀, kíá ló ń gbé e sílẹ̀, nítorí Abímbọ́lá, àbúrò Moyọ̀sọ́rẹ lóbìnrin, ti ní àfẹ́sọ́nà.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣọ́ra. Ẹ má fi ìdọ̀bálẹ̀ ọmọdé díwọ̀n agbára yín. Ibi tí wọ́n ti lè pè yín lórúkọ ni kí ẹ ti máa gbé irin.