Búlọ́ọ̀kù Tó Sán

Búlọ́ọ̀kù tún sán. Nígbà tí wọ́n ṣí ààrò láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ ti là wẹ́wẹ́ bíi búrẹ́dì tó gbẹ.

Iṣẹ́ náà kò le lójú ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n á lọ àfọ́kù ìgò kúnná, Ìyá Alásẹ́ á jọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó mọ́ èèpo ẹyin tí wọ́n ti lọ̀, wọ́n á dà á sínú agolo, wọ́n á tì í sínú ààrò. Iná á mú un wú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò gbọdọ̀ ṣí títí á fi tutù fúnra rẹ̀; bí atẹ́gùn bá kàn án, ó parí. Èyí tó bá yè, àwọn tó ń kọ́lé á rà á lọ tẹ́ sábẹ́ páànù kí ooru má baà wọlé. Èyí tó bá sán, ẹni tó bá wù lè kó o.

Ìyálọ́mọ ló ń ṣọ́ ààrò. Ọmọ rẹ̀ kì í jẹ́ kó fojú ba oorun nílé, orí ìjókòó ló ti ń tòògbé níbi iṣẹ́. Gbogbo wọn gbà pé oorun ló ń ṣì í lọ́nà tó fi ń ṣílẹ̀kùn láìtó àsìkò. Òun náà kò jiyàn. Ó ń ṣa àfọ́kù sínú àpò, bó ti máa ń ṣe.

"Èmi ń fi tèmi ha gìgísẹ̀," Ìyá Alásẹ́ sọ. "Ìwọ ọmọ yìí, ẹsẹ̀ mélòó lo ní gan-an?"

Ẹ̀rín díẹ̀ ni ìyálọ́mọ rí rín.

Ọ̀gá ní ó tó gẹ́ẹ́, kó máa lọ sílé. Iṣẹ́ yìí nìkan ló ń bọ́ òun, ọmọ, àti ìyá rẹ̀ tó ń bá a gbé ọmọ. Ìyá Alásẹ́ kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun náà ti tọ́mọ rí, òun mọ bí àìsùn ṣe ń ṣeni. Ó ní kí àwọn pààrọ̀: kí òun máa ṣọ́ ààrò, kí ìyálọ́mọ máa fi asẹ́ jọ ìyẹ̀fun ìgò.

Ọ̀gá ní kó dìde. "Nítorí yín ni, Ìyá." Ó yíjú sí ìyálọ́mọ. "Àmọ́ mi ò fẹ́ rí ọwọ́ rẹ lára ilẹ̀kùn yẹn mọ́."

Ìyálọ́mọ dúpẹ́, ló bá bú sẹ́kún. Ìyá Alásẹ́ gbá a mọ́ra, ó ní iṣẹ́ kò kúkú bọ́, kí ló wá ń sunkún sí.

Nírọ̀lẹ́, ìyálọ́mọ gun àga nílé rẹ̀, ó fi àfọ́kù náà há abẹ́ páànù tó gbóná bí iná, láti ara ògiri wá, mọ́ gbogbo èyí tó ti ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣílẹ̀kùn ààrò fún. Ọ̀gangan orí ọmọ nìkan ló kù, Ìyá Alásẹ́ kì í sì í tòògbé.