Báákóòdù Ìyá Mórẹ́nikẹ́

Èmi gan-an ni mo tẹ báákóòdù náà, ìlà dúdú tí ẹ̀rọ ń kà lára ọjà, mi ò ní purọ́. Ọ̀gá mi, Ládèjọbí, ló ní kí n da nọ́ńbà ara ọṣẹ dúdú Ìyá Mórẹ́nikẹ́ kọ, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọṣẹ tiwa. Obìnrin yẹn ló kọ́ ọ níṣẹ́ ọṣẹ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ín ni.

"Ṣé òkú ń peni lẹ́jọ́ ni?" Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, iná lọ. Síbẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó tẹ sítíkà kan ṣoṣo jáde. Òórùn eérú gba gbogbo yàrá. Ìyá Mórẹ́nikẹ́ ti dúró tì wá, omi ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó já sítíkà náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀gá níwájú orí.

Ó kọjú sí mi. "Ọmọ mi, fi ẹ̀rọ tó ń ka báákóòdù lọ́wọ́ rẹ kà á."

Ọ̀gá ò lè mira lórí àga rẹ̀. "Fadérera, jọ̀ọ́, má ṣe é!"

Mo rántí ẹ̀rín rẹ̀. Mo na ẹ̀rọ sí i. Ó dún píì. Orúkọ ìyá náà yọ lójú kọ̀ǹpútà tó ti kú.

"Tèmi ni," ìyá ní, ó sì jáde.

Ọ̀gá dìde, ó tẹ̀lé e.