Ẹ̀rọ Tí Verna Dá Padà

Garth ń faraya. "Ọ̀gá Verna, igi òrùlé àjà kẹta la fẹ́ gbé! Ẹ wá lọ mú ẹ̀rọ agbẹ́rù tó kàn ń lọ sókè gbọnrangandan. Èyí tó ń nawọ́ dà?"

"Mo ti dá a padà lánàá. Yìnyín ilẹ̀ Manitoba níbí ti yọ́, ẹrẹ̀ ti pọ̀ jù."

Irọ́ ni. Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ gígùn kì í bẹ̀rù ẹrẹ̀, gbogbo sáìtì ìkọ́lé náà ló mọ̀.

"Ẹ̀rọ yẹn nìkan ni bàbá yín mọ̀ ọ́n wà. Ẹ ti gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tó bí yín nìyẹn!"

Verna yíjú sẹ́nu ọ̀nà sáìtì.

Bàbá náà, Orville, ló ń bọ̀ yìí, nínú oòrùn ọ̀sán gangan, kọfí lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ẹ má bá ọmọ mi jà. Mo kàn wá dágbére ni."

Ó rọra lọ síbi ẹ̀rọ tuntun tó kàn ń lọ sókè náà, ó ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ẹṣin lára.

"Ó dàbọ̀, ọ̀rẹ́ mi. Verna, o ṣeun tí o ò tíì jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ."

Garth wo ẹ̀rọ náà, ó tún wo ojú bàbá.

Ohùn Garth lọ sílẹ̀. "Ọ̀gá, láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé bàbá yín ò ríran mọ́?"

Verna ò lè wojú ẹ̀.

Láti ìgbà òtútù ni. Lójoojúmọ́, orí Garth sì ni bàbá ń gbé igi òrùlé gbà kọjá.