Owó Ọjọ́bọ̀

Jórinjórin náà fi ilẹ̀kùn ààrò tó gbà láti tún ṣe láti ọjọ́ Ajé sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó wá ń gbá fèrèsé akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́.

"Owó ọmọ mi dà? Ọjọ́bọ̀ ló máa ń mú un wálé, òní ti di Jímọ̀!"

"Owó wo, Bàbá?"

"Owó tíjọba ń san fún ọmọ tó bá ń kàwé lọ. Àbí ẹ rò pé lásán ni mo yọ̀ǹda odidi ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún fún yín?"

"Wọ́n ti fagi lé e léṣìí. Wọ́n ní ó ti ń náwó jù."

"Irọ́ ńlá! Àpòòwé tọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyí!" Ó fi í lu fèrèsé, fúláwà sì tú jáde.

Akọ̀wé wo fúláwà náà. "Aago mélòó lọ́mọ yín ń jáde nílé?"

"Mẹ́rin ìdájí. Ó ní ẹ ń kọ́ àwọn níwèé."

"Aago méje la ń ṣí géètì. Ilé búrẹ́dì òdìkejì ló ń lọ, Bàbá. Òun ló ń sanwó fún yín kẹ́ ẹ lè jẹ́ kó kàwé. Wọn ò sì ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí: ọ̀lẹ jórinjórin kan ló gbé ilẹ̀kùn ààrò wọn lọ."

Jórinjórin nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Ẹ má sọ fún un pé mo wá o."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, òórùn búrẹ́dì ti gba gbogbo àdúgbò.