Àga Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá

Níbi ayẹyẹ ìkójáde ìwé, Màmá gbé báàgì wọn sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀! Ọmọ mi tó kọ ìwé tí ẹ ń tìtorí ẹ̀ pariwo yìí ló ni ín."

Etí Màmá ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, àfi kéèyàn lọgun sí i. Èmi àbúrò òǹkọ̀wé ni mò ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

"Kí ni ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé yẹn wí?"

"Ó ní kò sẹ́ni tó mọ ìtàn sọ bíi Bọ̀ọ̀dá!"

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Irọ́ tó máa ń pa fún mi tó bá fọ́ abọ́ ńkọ́? Ibo ló tiẹ̀ wà?"

"Wọ́n ti wà lọ́nà, Mà!"

Olóòtú ètò sọ̀rọ̀. Gbogbo èèyàn dìde, wọ́n tẹrí ba, ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

Màmá náà dìde. Wọ́n yára gbé báàgì kúrò lórí àga, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Àwọn nìkan.

"Ọmọ mi ti dé!"

Olóòtú ní ká dìde, ká dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan nítorí Bọ̀ọ̀dá mi, tí a ti ń fi ikú wọn pa mọ́ fún Màmá láti oṣù tó kọjá.

Màmá na etí sí mi.

"Kí ni wọ́n wí? Sọ ọ́ sókè, ọmọ mi."